Ọmọ Tí Déọlá Kò Gbé

Bí ọmọ bá kánjú wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí oṣù rẹ̀ kò pé, tó kéré bí ọmọ ẹyẹlé tí kò tíì hu ìyẹ́, orúkọ kan ló kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí àwọn agbẹ̀bí lẹ́nu: "Ẹ tètè gbé e lọ bá Ìyá Wẹ́wẹ́." Dókítà Máyọ̀wá Òkúnúgà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ayépé ni, ọmọ tíṣà ìjọ kan tó fi Bíbélì àti pàṣán tọ́ ọmọbìnrin méjì. Máyọ̀wá ni ẹ̀gbọ́n, Déọlá ni àbúrò. Àwọn méjì náà ni ìyá wọn bí. Máyọ̀wá ló ń di irun àbúrò rẹ̀, òun ló ń pọ̀n ọ́n bó bá rẹ̀ ẹ́ lọ́nà oko. Ọjọ́ tó ń lọ sí yunifásítì láti lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, Déọlá sá tẹ̀lé mọ́tò títí bàtà rẹ̀ kan fi já.

Ẹ̀ka iṣẹ́ ìṣègùn pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ló wọ Máyọ̀wá lọ́kàn. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó rí i bí wọ́n ṣe máa ń fi aṣọ wé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n á sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, àlejò lọmọ náà, kò ní pẹ́ padà. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí i nínú. Nígbà tó wá ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò jẹ́ kí ọ̀gá ibẹ̀ rímú mí títí tí wọ́n fi fún un ní yàrá kan ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tọrọ àpótí gíláàsì tó ń mú ọmọ móoru lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó tọrọ lọ́wọ́ àwọn alájàpá, ó tọrọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Fàtímọ̀ dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń fi rọ́bà tín-ín-rín kán wàrà sí àwọn ọmọ náà nínú, tí wọ́n ń ṣọ́ èémí wọn bí ẹni ń ṣọ́ iná àtùpà nínú afẹ́fẹ́. Ọmọ tí wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa sin ín sí, á pẹ́ títí, á yọ eyín, á rìn.

Àmọ́ kò pẹ́ púpọ̀ tí àìsàn kan fi wọ inú yàrá náà. Ẹnì kan ló fi ọwọ́ tí kò mọ́ kó o wọlé, wọn ò mọ ẹni náà. Àwọn ọmọ tó ti ń sanra, tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé relé, àwọn gan-an ló kọ́kọ́ lọ. Máyọ̀wá kò lè jẹun. Nígbà tí ìjì náà rọlẹ̀, ó ṣòfin kan: ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Kò sí ti ìyá ọba, kò sí ti ìyá tálákà. Ẹ̀yìn fèrèsé gíláàsì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí oníkálukú dúró sí, kó máa wo ọmọ rẹ̀. Àwọn ìyá á fi iwájú orí ti gíláàsì náà títí èémí wọn á fi bò ó, wọ́n á fi etí aṣọ nù ún, wọ́n á tún máa wò.

Òfin náà ṣiṣẹ́, àìsàn náà kò padà wá. Nítorí náà, nígbà tí Máyọ̀wá lọ sí ìpàdé àwọn dókítà ní Ìbàdàn, tí ọkùnrin kan dìde tó ń sọ pé ní àwọn ilẹ̀ kan, àyà ìyá gan-an ni wọ́n ń so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́, awọ ara sí awọ ara, pé ó ń yè, pé ó ń sanra, ẹ̀rín ni Máyọ̀wá rín. Ó fẹnu sí etí ẹni tó jókòó tì í, ó ní, "Ìyẹn wà fún ibi tí kò sí ẹ̀rọ. Àwa ní ẹ̀rọ."

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Déọlá lóyún.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Tíṣà ni Déọlá ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ayépé, tíṣà náà ni Tọ́pẹ́ ọkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Wọ́n ti gbàdúrà títí, àwọn ẹbí ọkọ ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, kí Ọlọ́run tó dá wọn lóhùn. Oyún náà ń lọ dáadáa títí ó fi wọ oṣù keje, ni ẹ̀jẹ̀ bá dà. Ilé ìwòsàn Máyọ̀wá ni wọ́n gbé e dìgbàdìgbà wá. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde láàyè, ọmọbìnrin ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá. Kí Déọlá má bàa bá a lọ, àwọn oníṣẹ́ abẹ yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó wà nínú àpótí gíláàsì yẹn ni àkọ́bí rẹ̀, òun náà sì ni àbígbẹ̀yìn.

Ayọ̀tọ̀míwá ni Tọ́pẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀yìn fèrèsé ló ti sọ ọ́ lórúkọ, ó ń pè é sí gíláàsì.

Nígbà tí Déọlá lè dìde, Fàtímọ̀ fi èjìká gbé e rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ọmọ náà títí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n gbé e."

"Ara rẹ̀ kò tíì gbà á, Déọlá. Jẹ́ kó lágbára díẹ̀."

"Mi ò ní pẹ́. Ẹ jẹ́ n kàn fọwọ́ kàn án. Mo ti fọ ọwọ́ mi. Mo fọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá."

Fàtímọ̀ wo Dókítà lójú. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Máyọ̀wá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìyá mìíràn wà níbẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Bó bá ṣí ilẹ̀kùn fún àbúrò rẹ̀, kí ló fẹ́ sọ fún wọn? Ó tún rántí àwọn ọmọ tí àìsàn kó lọ. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀.

"Lọ́la," ó ní. "Tó bá ti mí dáadáa, màá gbé e fún ẹ lọ́la."

Ṣùgbọ́n ọ̀la tó ṣèlérí, nígbà tó dé, ọmọ náà kò mí dáadáa. Ọ̀la ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán kan, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí Déọlá sì sùn lọ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, Ayọ̀tọ̀míwá gbàgbé láti mí. Máyọ̀wá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ láyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, ó pè é lórúkọ. Ó ṣe é títí Fàtímọ̀ fi gbá a lọ́wọ́ mú.

Nílẹ̀ wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Kí Déọlá tó gbọ́, àwọn àgbà ẹbí ọkọ rẹ̀ ti wá gbé òkú náà lọ. Ọmọ tó gbé sínú fún oṣù méje, kò gbé e lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ì bá sàn kó jà. Bí wọ́n bá pàdé nílé ìyá wọn, á kúnlẹ̀ kí i, á bu omi fún un, á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ tí Máyọ̀wá bí. Ṣùgbọ́n kò pè é ní Àǹtí mi mọ́. "Dókítà" ló ń pè é, bí gbogbo ayé ti ń pè é.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n tún pe Máyọ̀wá lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi kọ́ wọn. Wọ́n mú wọn wọ yàrá kan tí àwọn ìyá jókòó sí, tí wọ́n fi ọ̀já so ọmọ mọ́ àyà lásán, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn ọmọ náà ń sùn fọnfọn. Wọ́n fi hàn án pé bí ara ọmọ bá ń tutù, àyà ìyá fúnra rẹ̀ á máa gbóná sí i; bí ọmọ bá móoru tó, àyà ìyá á rọlẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó bá wà láyà ìyá rẹ̀ kì í sábà gbàgbé láti mí, nítorí mímí ìyá ló ń rán an létí. Máyọ̀wá bi olùkọ́ náà léèrè bó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí. Ó ní, "Ó ti pẹ́ gan-an, Dókítà. Ṣé ẹ ò gbọ́ rí ni?"

Nígbà tó padà dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó wọ́gi lé òfin ara rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìfọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá àkọ́kọ́ tó gbé ọmọ rẹ̀ sáyà bú sẹ́kún ayọ̀, gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Máyọ̀wá sáré wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Iye ọmọ tó ń kú já wálẹ̀. Rédíò wá bá a sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti Ìjagun wá wo yàrá náà. Ó pinnu lọ́pọ̀ ìgbà pé òun á lọ sí Ayépé lọ sọ fún àbúrò òun. Ó wakọ̀ débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó mumi, ó sì sọ̀rọ̀ nípa òrùlé ilé bàbá wọn tó ń jò. Ó tún wakọ̀ padà.

Tọ́pẹ́ kú. Ìyá wọn náà kú. Irun Máyọ̀wá funfun, ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sún mọ́lé.

Ní ọdún tó kù kó fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Raheemah dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Ó bí ọmọbìnrin kan tí oṣù rẹ̀ kò pé, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá Raheemah láyé. Zakariyah ọkọ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di bàtà ìyàwó rẹ̀ mú. Ìyá tirẹ̀ ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ìyá Raheemah ti kú tipẹ́, ọmọ méjì mìíràn sì wà nílé tí wọ́n ń béèrè ìyá wọn. Wọ́n kọ́ Zakariyah bó ṣe máa bọ́ ẹ̀wù gbé ọmọ náà sáyà, ó sì ń wá ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ bó bá ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ojúmọmọ ńkọ́? Àwọn àpótí gíláàsì ti gbó, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ti kún, iná kò dúró. Ọmọ náà ń tutù, ó ń rù.

Fàtímọ̀, tó ti di ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì ibẹ̀, wọlé bá Máyọ̀wá ní ọ́fíìsì.

"Dókítà, mo fẹ́ dárúkọ ẹnì kan. Ẹ má bá mi jà o."

"Má dárúkọ rẹ̀," Máyọ̀wá ní. Ó ti mọ̀.

"Ilé ìwé wà ní ìsinmi. Òun nìkan ló wà nílé. Ọmọ yìí nílò àyà, Dókítà, ẹ̀yin náà mọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Máyọ̀wá wakọ̀ lọ sí Ayépé. Déọlá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Máyọ̀wá sọ ọ̀rọ̀ Raheemah àti ọmọ rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Déọlá kò gbójú sókè.

"Ẹ fẹ́ kí n wá gbé ọmọ ọlọ́mọ sáyà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nínú yàrá tí ẹ ò jẹ́ kí n wọ̀."

"Nínú yàrá náà ni," Máyọ̀wá ní.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti ń jẹ́ kí ìyá wọlé," Déọlá ní. "Orí rédíò ni mo ti gbọ́. Mò ń yan gààrí lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ohùn yín, ẹ ń ṣàlàyé bí àyà ìyá ṣe ń gbóná fún ọmọ. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀. Ẹ ò ní jẹ́ kí n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rédíò nìkan. Mo gbálẹ̀, mo se oúnjẹ dè yín." Ó ju òkúta kan tó rí nínú ẹ̀wà nù. "Ẹ wá lóòótọ́, lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ọ̀rọ̀ òrùlé lẹ wá sọ."

"Ojú ló tì mí, Déọlá."

"Mo mọ̀. Mo rí i lójú yín." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Mi ò lè wá. Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ náà."

Máyọ̀wá padà sí Ìjẹ̀bú-Òde bí ẹni tí wọ́n fi omi tútù wẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá Déọlá nídìí ẹ̀rọ ìfọwọ́, Fàtímọ̀ dúró tì í, ó ń fọwọ́ títí dé ìgúnpá.

"Ọmọ náà ni mo wá bá," Déọlá ní. "Kì í ṣe ẹ̀yin."

Wọ́n fi í jókòó sórí àga tó rọgbọ̀kú. Máyọ̀wá fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ Raheemah láti inú àpótí, ó tẹ́ ẹ sáàárín ọmú àbúrò rẹ̀, ó yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè mí, ó sì fi ọ̀já dè é. Déọlá le gbagidi bí igi. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó rí bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, ó tẹ́ ẹ sí Déọlá lára. Ara Déọlá rọ̀. Ó tẹrí ba, ó ń gbóòórùn orí ọmọ náà. Kò sunkún. Máyọ̀wá ló kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá lójoojúmọ́, tó ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Ayépé, títí ọmọ náà fi ń móoru fúnra rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ebi bá pa á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí àwọn ìyá yòókù ti lọ jẹun, Déọlá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Dókítà, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Ẹ má fi iṣẹ́ yín dá mi lóhùn. Ká ní mo gbé tèmi báyìí, ṣé ì bá yè?"

Máyọ̀wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, kò sì sí èyí tó dùn ún sọ níbẹ̀.

"Mi ò mọ̀. Ó lè yè. Ó sì lè má yè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó. Ṣùgbọ́n kì bá tí dá nìkan kú, Déọlá. Orí àyà rẹ ni ì bá kú sí."

Déọlá mi orí sókè sódò. "Ó tó," ó ní. "Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó yẹ kí n ti gbọ́ ọ tipẹ́."

Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ọmọ náà relé, ẹ̀gbọ́n Zakariyah obìnrin kan tó ti ọ̀nà jíjìn dé ló wá gbà á, aṣọ tuntun lọ́wọ́. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Zakariyah dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Déọlá. "Màmá, ohun tí ẹ ṣe fún wa, Ọlọ́hun nìkan ló lè san án." Déọlá tú ọ̀já náà fúnra rẹ̀, ó gbé ọmọ náà fún wọn, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Nígbà tí mọ́tò wọn ti lọ, ó ṣì dúró níbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àyà rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú.

Máyọ̀wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n níwájú àbúrò, níṣojú àwọn nọ́ọ̀sì. "Déọlá, dárí jì mí."

Déọlá sáré fà á dìde. "Ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti dárí jì yín, ó ti pẹ́. Ẹ rò pé ìdáríjì ni kò sí? Ọmọ ni kò sí."

Nígbà tí àkókò ìfẹ̀yìntì Máyọ̀wá tó, ilé ìwòsàn ṣe ayẹyẹ fún un. Ó lọ pe Déọlá. Déọlá ní òun kò ní wá. "Wọ́n á yìn yín nítorí ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí. Ó tọ́ kí wọ́n yìn yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè jókòó gbọ́ ọ." Máyọ̀wá ní òun mọ̀. Òun náà kò gbádùn rẹ̀. Ìyá kan tẹ̀ lé ìyá kan, wọ́n ń fa ọmọ wọn tó ti dàgbà lọ́wọ́, wọ́n ń sọ pé, "Òun ló gbà á là." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ pa wọ́n lórí, ó sì ń ronú àwọn tí wọ́n dúró sẹ́yìn gíláàsì ní gbogbo ọdún tó fi rò pé òun mọ̀ ju ìyá ọmọ lọ. Kò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́.

Nísinsìnyí tí kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, ó máa ń lọ sí Ayépé lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á jẹ ìfọ́kọrẹ́, wọ́n á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà mìíràn wọ́n á sọ̀rọ̀, nígbà mìíràn wọn ò ní sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Déọlá kó abọ́ kúrò nílẹ̀, ó padà wá jókòó.

"Ẹ̀yin ni ẹ gbé e," ó ní. "Ẹ sọ fún mi bó ṣe rí."

Máyọ̀wá sọ ọ́. Ó sọ bí irun rẹ̀ ṣe pọ̀ tó sì dúdú, bó ṣe fúyẹ́ tó lọ́wọ́, bó ṣe máa ń di ìka òun mú bí òun bá fẹ́ tún rọ́bà imú rẹ̀ ṣe. Déọlá ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tó ń jẹun lẹ́yìn ààwẹ̀.

"Ṣé ó lajú rí? Ojú ta ló jọ? Ti Tọ́pẹ́ ni, àbí tèmi?"

Máyọ̀wá ronú. Ó ronú títí. Ó rántí èémí rẹ̀, ó rántí bí àyà rẹ̀ ṣe ń wọnú, ó rántí egbòogi tí òun fún un àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Ó wá ojú ọmọ náà nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Ọmọ náà wà láàárín àwọn ọmọ yòókù nígbà náà, ẹ̀rọ ló ń wò.

Ó lè purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, yóò sì mú inú àbúrò rẹ̀ dùn títí ayé.

"Mi ò rántí, Déọlá," ó ní. "Mi ò wo ojú rẹ̀ dáadáa."

Déọlá na ọwọ́, ó mú ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ọmọ náà máa ń dì mú, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀.